Àtòṣogbo dé Jámánì: ìbéèrè àwọn tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara lókè òkun

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Jámánì, níbi tí mo ti ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àwọn èèyàn kì í yé dá mi dúró, ìbáà ṣe ní Ọlá-Ìyá tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n ń bi mí kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀. Mo kúkú kó o jọ síbí. Ọ̀rọ̀ Jámánì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni mo lọ, àmọ́ ẹni tó ń lọ síbòmíràn náà á rí nǹkan mú.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe jápa náà lẹ ń pè ní fọlọ́ńtíà yìí?

Rárá o. Ẹni tó bá ti sùn rí ní kám̀pù àwọn àgùnbánirọ̀ ní Ẹdẹ ti mọ bó ṣe rí: wọ́n fún ọ níbi tí wàá sùn, wọ́n ń bọ́ ọ tàbí kí wọ́n fún ọ lówó oúnjẹ, owó àpò díẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù, ọjọ́ tí yóò parí sì ti wà nínú ìwé kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ìjọba tó fi dandan lé e. Ìwọ lo fínnú fíndọ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ jù ní Jámánì. FSJ, ìyẹn ọdún ìyọ̀ǹda ara láti ran àwùjọ lọ́wọ́, wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 27. BFD, ètò ìyọ̀ǹda ara ti ìjọba àpapọ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúró. Àwọn tó kọ̀ láti gbé ìbọn ló ń ṣiṣẹ́ nílé arúgbó àti ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, nígbà tí ìyẹn sì dópin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba ipò wọn. Àgbàlagbà náà lè ṣe BFD. Oṣù 12 ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì lè dé oṣù 18.

Ṣé Jámánì nìkan ló wà ni?

Ó tì. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, Technical Aid Corps, tó máa ń kó dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti irú wọn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Káríbíánì àti Pàsífíìkì fún ọdún méjì. Bí o bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí o sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀, má fojú di í. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ní ti wọn, UN Volunteers. Ìlú Bonn ní Jámánì ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe gbájúẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi?

Béèrè ìwé àdéhùn. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ibi iṣẹ́ gan-an pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀, wákàtí tí wàá fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, iye owó àpò, ibi tí wàá máa gbé, ọjọ́ ìsinmi, àti pé wọ́n ti fi ọ́ sábẹ́ adójútòfò ìlera. Ẹni tó bá ń ṣe ọdún kan gbáko, tí kò tíì pé 27, ní ọjọ́ 25 fún ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Wá àdírẹ́sì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá nọ́ńbà wọn fúnra rẹ, kì í ṣe èyí tí alágbàtà fún ọ, kí o sì pè wọ́n. Ilé arúgbó tó wà lóòótọ́ á gbé fóònù.

Owó físà onígbà pípẹ́ ti Jámánì jẹ́ 75 yúrò. Bí ẹnì kan bá wá jókòó sí yàrá kan ní Òkè-Fìà, tó ń sọ fún ọ pé mílíọ̀nù báyìí ló máa lọ sórí físà, ìwọ náà ti mọ ibi tí èyí tó kù ń lọ. Mo mọ ìdílé tó ta ilẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Alágbàtà náà ti pààrọ̀ nọ́ńbà kí wọ́n tó gba rìsíìtì.

Ìwé wo ni kí n tọ́jú kí n tó kúrò ní Òṣogbo?

Páàsípọ́ọ̀tù ṣáájú, wọn kò sì ní ṣe é fún ọ bí o kò bá ní NIN. Kí orúkọ tó wà lórí NIN, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti sátífíkéètì bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ “Oluwaseun” níbì kan, “Seun” níbòmíràn yìí ti fa oṣù gbọọrọ fún àwọn kan. Gba káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ìyẹn káàdì yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èdè Jámánì. Ibi iṣẹ́ mìíràn gba ẹni tó wà ní ìpele A1, ìyẹn ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ fẹ́ A2 tàbí B1 tó ga jù ú lọ. Goethe-Institut, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Jámánì, wà ní Èkó. Mo gbà ọ́ níyànjú kí o má fi èdè ṣe eré. Arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan kò ní bá ọ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìgbà èwe rẹ̀ ló kù sí i lẹ́nu.

Èkó náà ni wàá ti lọ gba físà, ní ọ́fíìsì aṣojú Jámánì ní Victoria Island. Kọ́kọ́ gba ọjọ́ tí wọ́n máa rí ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì tètè ṣe é, torí èrò pọ̀.

Oúnjẹ wo ni mo lè dì mọ́ ẹrù?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gba ẹran àti ohunkóhun tí wọ́n bá fi wàrà ṣe láti ọ̀dọ̀ wa. Kí a sọ ọ́ kó yé wa: kò sí ẹran ìgbẹ́ yíyan, kò sí kìlíṣí, kò sí pọ̀nmọ́, kò sí wàrà, bí ó ti wù kí ìyá rẹ dì í tó. Ẹja gbígbẹ kò ní wàhálà bí kò bá kọjá 20 kìlógíráàmù, ta ló tiẹ̀ fẹ́ rù ú tó bẹ́ẹ̀. Iṣu, ata tútù àti ewébẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní kòkòrò. Èso márùn-ún péré ni kò nílò ìwé yìí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, èso déètì, àti èso kan tí wọ́n ń pè ní durian tí n kò rí rí l'Ọ́jà Ọba.

Gàrí, èlùbọ́, ata gígún, irú gbígbẹ tí o dì dáadáa, ìwọ̀nyí ló máa gbé ọ ró. Má kó púpọ̀. Nínú àwọn ìlú ńlá, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà wà tó ń ta gbogbo rẹ̀, ó kàn gbówó lórí ni. Òrí ni kí o má gbàgbé o. Òtútù ibẹ̀ máa ń mú kí awọ ara hun bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú wa, ṣùgbọ́n tiwọn ń ṣe oṣù mélòó kan.

Mo balẹ̀ sí Frankfurt. Kí ló kàn?

Ẹni tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò á bi ọ́ ní ohun tí o wá ṣe, ibi tí o máa gbé, àti bí o ṣe máa pẹ́ tó. Dá a lóhùn ní ṣókí, kí o sì mú ìwé àdéhùn jáde. Nítorí èyí, báàgì tí o gbé lọ́wọ́ ni kí gbogbo ìwé wà, kì í ṣe inú èyí tí o fi sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ òfurufú. Kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tó ń retí rẹ sórí bébà. Fóònù lè kú.

Mú yúrò díẹ̀ dání ní owó bébà. Káàdì náírà lè ṣiṣẹ́, ó sì lè dójú tì ọ́, yàtọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré níbẹ̀ kò gba káàdì rárá. Ibùdókọ̀ ojú irin wà nínú pápákọ̀ òfurufú Frankfurt gan-an. Ra tíkẹ́ẹ̀tì kí o tó wọlé. Bí àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bá ká ọ mọ́ ibi tí o kò ti ní, 60 yúrò ni, wọn kì í gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan yìí náà”. Ẹ̀yin tó rò pé ọkọ̀ ojú irin Jámánì kì í pẹ́ dé, ẹ ó fojú yín rí i.

Aago kò ní dà ọ́ láàmú. Nígbà òtútù, aago wọn àti tiwa bára mu. Nígbà ooru, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa.

Kí ni mo máa fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe?

Ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Òṣogbo á máa retí fọ́tò, ọ́fíìsì lo máa wà. Bí o bá ṣe apá yìí dáadáa, ọdún náà á rọrùn fún ọ. Bí o bá fi falẹ̀, gbogbo nǹkan tó kù ló máa há.

Èyí tó ṣáájú ni Anmeldung, ìyẹn kí o lọ forúkọ ilé tí o ń gbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá kó wọ ilé náà ni òfin wí. Onílé gbọ́dọ̀ fún ọ ní ìwé tó fi hàn pé òun gbà ọ́ sílé. Láìsí ìwé yẹn, wọ́n á ní kí o padà. Wọ́n á bi ọ́ ní ẹ̀sìn rẹ lórí fọ́ọ̀mù. Má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni: ìjọba ibẹ̀ ń bá àwọn ìjọ ńlá kan, bíi Kátólíìkì, gba owó orí ìjọ, ìdá 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí èèyàn ń san. Owó àpò rẹ kò tó ohun tí wọ́n ń yọ owó orí lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ́ sí iṣẹ́ lẹ́yìn náà á rí i.

Ìwé Anmeldung yìí ló ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn yòókù. Báńkì á béèrè rẹ̀. Nọ́ńbà owó orí rẹ á wá nínú lẹ́tà sí ilé yẹn, nítorí náà kọ orúkọ rẹ sára àpótí lẹ́tà lọ́jọ́ tí o bá dé. Bí alẹ́tà kò bá rí orúkọ lára àpótí, ó gbé e padà nìyẹn, kò ní béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò pé “ta ni Wasiu níbí?” Lẹ́yìn náà ni káàdì adójútòfò ìlera, lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì àwọn àjèjì, tí wọ́n ń pè ní Ausländerbehörde. Bí físà tó wà nínú páàsípọ́ọ̀tù rẹ kò bá tó ọjọ́ iṣẹ́ rẹ, ibẹ̀ lo ti máa gba ìwé ìgbélùú kí físà náà tó parí. Fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣíwájú béèrè. Àwọn gan-an ń pẹ́.

Ra fáìlì kan, kó gbogbo lẹ́tà sínú rẹ̀, èyí tó yé ọ àti èyí tí kò yé ọ. Lẹ́tà tí kò yé ọ, gbé e lọ bá ẹni tó ń bójú tó ọ níbi iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣì ń fi lẹ́tà bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni.

Èmi ni ìyá ọmọ tó ń lọ. Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́?

Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra. Òfin fi òpin sí owó àpò náà. Lọ́dún 2025, kò gbọdọ̀ ju 644 yúrò lọ lóṣù, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kì í sì í san tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá sọ ọ́ di náírà, ó máa kún ẹnu. Ibí kọ́ ni wọ́n ti ń ná an, mà. Inú rẹ̀ ni fóònù wà, inú rẹ̀ ni bàtà òtútù wà, inú rẹ̀ ni ọṣẹ wà, àti ọkọ̀ bí ibi iṣẹ́ kò bá san án. Ọmọ tó bá ń fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ sílé ń febi pa ara rẹ̀ ni, kò kàn ní sọ fún yín.

Òfin físà rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Kò lè ṣàdédé lọ máa ṣiṣẹ́ mìíràn lóru láìgba àṣẹ, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹbí jókòó kí ó tó lọ, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àti àǹtí tó yá a lówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ sọ ọ́ síta pé ọdún kan yìí, kò sí owó tó ń bọ̀, bí nǹkan kan bá wá, ẹ̀bùn ni. Àwọn tí mo rí tí wọn kò lè parí ọdún náà, òtútù kọ́ ló lé wọn. Ìpè ilé ni. Gbogbo alẹ́ Sátidé ni ẹnì kan ń pè pé òrùlé ń jò, pé owó ilé ìwé kù, ọmọ náà á sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tó bá gbé fóònù kalẹ̀, kò ní lè jẹun. Ẹ bá mi sọ fún wọn, mà.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Nílé arúgbó, aago méje àárọ̀ kò gbọdọ̀ bá ọ lọ́nà. Wàá gbé oúnjẹ, wàá ti kẹ̀kẹ́, wàá ka ìwé ìròyìn sí wọn létí, wàá bá wọn ta káàdì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe tìrẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn lé ọ lọ́wọ́ pé kí o fún wọn.

Ohun tó máa ń ta ko wá níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé wa. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní àárọ̀, wọ́n á gbé búrẹ́dì dúdú kan síwájú rẹ̀, bọ́tà àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ. Ó máa ń mú ọ̀bẹ náà lọ síbi bọ́tà, á jábọ́, á tún mú un, á rọra fà á dé etí búrẹ́dì, á dúró, á mí. Àwọn tó kù á ti jẹun tán. Ọwọ́ ń yún ọmọ Yorùbá láti gbà á, nítorí àgbàlagbà kì í jókòó kí ọmọdé máa wò ó níran. Ẹ má gbà á o. Lójú tiwọn, ọjọ́ tí o bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lo ti sọ pé ó ti tán. Jókòó tì í, kí o sì dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, á wò ọ́ lójú.

Má pè wọ́n ní Màmá tàbí Bàbá bí kò ṣe pé àwọn ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Frau (ìyáàfin) tàbí Herr (ọ̀gbẹ́ni) pẹ̀lú orúkọ ìdílé ni. Má kúnlẹ̀, má dọ̀bálẹ̀. Bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí o wò wọ́n lójú, kò sí àfojúdi níbẹ̀. Ẹ̀yin tó sì ń sọ nílé pé ṣe ni òyìnbó ń kó òbí wọn dà nù, mo rí ọmọ tó ń wá ní gbogbo ọ̀sán Sunday pẹ̀lú kéèkì. Mo rí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá wò pẹ̀lú.

Òtútù ńkọ́?

Ra aṣọ òtútù níbẹ̀, kì í ṣe níbí. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ti òtútù nínú òkìríkà wa, ti ọyẹ́ ni. Ọjà aṣọ àlòkù pọ̀ níbẹ̀, kò sì wọ́n. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni òkùnkùn: ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Jáde lọ́sàn-án kódà bí kò bá sí ibi tí ò ń lọ.

Bí wọ́n bá fi àwọ̀ mi bú mi ńkọ́?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Arúgbó kan lè sọ pé òun kò fẹ́ kí ọwọ́ dúdú gbé oúnjẹ wá fún òun. Èmi kò ní sọ fún ọ pé kí o fara dà á. Gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, jáde, kí o sọ fún ẹni tó ń bójú tó ọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Òfin tó kọ irú ẹ̀ níbi iṣẹ́ wà láti ọdún 2006. Àjọ tó gbà ọ́ náà ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ẹjọ́ ìwọ olùyọ̀ǹda ara. Lo ẹni yẹn.

Ìlera ńkọ́?

Bí ibà bá mú ọ ní oṣù àkọ́kọ́, ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ fún dókítà ni pé Nàìjíríà lo ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún ibà ẹ̀fọn. Wọn kì í sábà rí i níbẹ̀, wọ́n lè máa pè é ní ọ̀fìnkìn títí tí yóò fi wọra. Kẹ́míìsì kò ní ta oògùn apakòkòrò fún ọ láìsí ìwé dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, 112 ni nọ́ńbà. Ọlọ́pàá ni 110. Fún àìsàn tí kò lè dúró di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n tí kò tó kí wọ́n fi áḿbúláǹsì gbé ọ, pe 116117.

Wọ́n á bi mí nípa ìlú mi. Kí ni mo máa sọ?

Orúkọ Òṣogbo ti dé ilẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ṣáájú rẹ. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n ti bí Susanne Wenger lọ́dún 1915. Ó bá Ulli Beier, ọmọ Jámánì, wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1950, ó gbọ́ Yorùbá, ó di Àdùnní Olórìṣà, Òṣogbo níbí ló sì kú sí lọ́dún 2009. Inú rẹ kò ní dùn bí òyìnbó bá béèrè nípa igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, tí ìwọ sì wí pé o kò wọ ibẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo kò mọ ibẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí Arugbá bá ń lọ lóṣù Kẹjọ.

Beier náà ló dá Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, sílẹ̀ ní ìlú Bayreuth ní Jámánì lọ́dún 1981, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo sì wà níbẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti kó ẹgbẹ́ eré rẹ̀ lọ sí Berlin lọ́dún 1964. Kí o tó lọ, yà sí ilé àṣà tó wà ní Abẹ́rẹ́, CBCIU, kí o wo ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn arúgbó tí mo bá ṣiṣẹ́ kò mọ Èkó yàtọ̀ sí Àbújá. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà rí, mọ Òṣogbo.

Mú àdìrẹ díẹ̀ dání. Ó fúyẹ́, kì í bàjẹ́, àwa náà la sì ni ìlú aró.

Ṣé mo lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà?

Àwọn kan ti ibẹ̀ bọ́ sí ìkọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń sanwó fún ọ bí o ti ń kọ́ ọ. Ó tọ́, ó bófin mu, bí o bá wá àyè náà, tí o sì béèrè ní Ausländerbehörde nígbà tí ìwé rẹ ṣì wà láàyè. Má sọ nígbà tí o ń gba físà pé wàá padà, kí o sì máa wí ohun mìíràn lórí Facebook.

Bí iṣẹ́ náà bá sú mi, tí oṣù kejì kò tíì pé?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò nínú BFD, ìwọ àti àwọn lẹ lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n físà rẹ so mọ́ ìwé àdéhùn yẹn. Má kó ẹrù lóru lọ bá ọ̀rẹ́ ní ìlú mìíràn. Kọ́kọ́ pe àjọ tó gbà ọ́, kí o béèrè bóyá wọ́n lè gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn; wọ́n máa ń ṣe é. Ẹni tí arúgbó kò bá lára mu lè bá ọmọ jéléósinmi ṣe. Bí wọ́n bá gbà, gba ìwé àdéhùn tuntun náà ná, fi han Ausländerbehörde, kí o tó kúrò níbi ti àkọ́kọ́.